Alága Muqtadir àti Ẹrù Eléyín

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú bí mo bá pẹ́ díẹ̀ kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Orúkọ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló gùn, mi ò sì gbọdọ̀ gé e kúrú, nítorí ẹni tó bá gé e kúrú ní ọ́fíìsì rẹ̀, akọ̀wé rẹ̀ á ní kó padà sẹ́nu ọ̀nà, kó tún wọlé, kó sì bẹ̀rẹ̀ látòkè. Orúkọ náà nìyí: Olóyè Alhaji Dókítà Muqtadir Ajíṣafẹ́, Alága Yányán fún Àjọ Afọ̀lúmọ́ ti Ìsàlẹ̀ Èkó, Baba Ìmọ́tótó, Ọ̀tá Ìdọ̀tí Títí Ayé. Ó tán. Láti ìsinsìnyí lọ, Alága ni n óò máa pè é, torí pé mi ò gba owó oṣù lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àjọ Afọ̀lúmọ́ yìí ló ń bójú tó àwọn tó ń kó ilẹ̀ láti Ìta Fájì títí dé Ìdúmàgbò. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ni wọ́n: àwọn kan ń gbá títì, àwọn kan ń gbé àpò ìdọ̀tí sínú ọkọ̀, àwọn kan sì ń ṣa ike àti páálí sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń sọ ọ́ di nǹkan tuntun. Ẹ ó rò pé ẹni tó jẹ́ olórí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ á ti fojú kan ìdọ̀tí rí. Kò jọ ọ́. Alága kì í wo ìdọ̀tí. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti ń sún mọ́ Ìdúmàgbò, á di ojú, á fi áńkáṣíìfù bo imú, á sì máa bi dírẹ́bà rẹ̀ pé ṣé wọ́n ti kọjá. Ọjọ́ kan wà tí dírẹ́bà gbàgbé láti dá a lóhùn. Bí Alága ṣe di ojú wọ ọ́fíìsì nìyẹn, tó na ọwọ́ sí férémù ilẹ̀kùn, tó sì ń bi í pé ara ilé ńkọ́.

Ní aago mẹ́sàn-án àràárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Dámiláre, akọ̀wé rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó kàwé dáadáa kí ebi tó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ mìíràn, á fín lọ́fínńdà sí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Alága á dúró lórí àtẹ̀gùn kẹta, á béèrè pé ta ló gbá Èkó mọ́. Wọ́n á ní òun ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń dáhùn, ẹ̀ẹ̀kẹta a sì máa gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tó gbá Èkó mọ́ lóòótọ́ ti wà lójú títì láti ìdájí, wọn ò sí níbẹ̀ láti jiyàn.

Ọ̀kan nínú wọn ni Taslimah, ọmọ agboolé kan ní Ìta Fájì. Ọdún kẹtàdínlógún rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́ náà, òun sì ni olórí àwọn tó ń kó ilẹ̀ Ìdúmàgbò. Taslimah kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tí kò fi ṣeré: kí ọwọ́ tó kan àpò, ẹnu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn án. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ ta àpò náà díẹ̀, wọ́n á sì na ohùn sí onílé tàbí oníṣọ́ọ̀bù pé, “Ó léyín?” Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ṣé ohun tó lè bu èèyàn jẹ wà nínú rẹ̀: àfọ́kù ìgò, abẹ́rẹ́, irin, abẹ. Bí onílé bá ní ó léyín, wọ́n á fi àkísà pupa so ó lẹ́nu, wọ́n á sì gbé e lọ́tọ̀. Bí ó bá ní kò léyín, wọ́n á jù ú sínú ọkọ̀. Bí ó bá parọ́, á jí lọ́jọ́ kejì, á sì bá ilẹ̀ rẹ̀ níwájú ilé bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Gbogbo Ìdúmàgbò ló mọ ìbéèrè yìí, àwọn ọmọdé ibẹ̀ sì fi ń ṣeré.

Ìbéèrè náà gba ọ̀pọ̀ ọwọ́ là. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kì í ṣe ìbọ̀wọ́. Àpò mìíràn wà ní kọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tí wọ́n lè bi, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì ń kì bọ̀ ọ́.

Ìdí nìyí tí inú wọn fi dùn lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kan gbé páálí ńláńlá dé ọ́fíìsì Alága. Àwọn onínúure kan ló fi wọ́n ránṣẹ́: ìbọ̀wọ́ tó nípọn, bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún, àti ìbomú, tó kárí ọ̀ọ́dúnrún èèyàn. Wọ́n tún fi abẹ́rẹ́ àjẹsára sí ibùdó ìlera àdúgbò, irú èyí tó ń dènà àrùn tí ìdọ̀tí máa ń kó wọnú ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì Modúpẹ́ tó wà níbẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù, ó fi í ránṣẹ́ sí Alága, ó ní kó kàn fọwọ́ sí i, kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn èèyàn.

Ẹni tó ní làákàyè á pín àwọn páálí náà lọ́jọ́ yẹn, á sì fọwọ́ síwèé kó tó jẹun ọ̀sán. Alága dìde dúró nínú ọ́fíìsì ara rẹ̀, ó fa agbádá sókè bí ẹni tí ogunlọ́gọ̀ ń wò, bẹ́ẹ̀ Dámiláre nìkan ló wà níwájú rẹ̀.

“Ìbọ̀wọ́ tí a kò ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀,” ó ní, “ọmọ tí a kò sọ lórúkọ ni. Dámiláre, ṣé o ti rí ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ tí wọ́n rán níṣẹ́ rí?”

Dámiláre ní òun ò rí i rí. Ó mú ìwé kan jáde, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Orúkọ ìwé ọ̀hún ni Ọ̀rọ̀ Ìjìnlẹ̀ Láti Ẹnu Alága, Apá Kẹrin.

Wọ́n wá dá ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀. Wọ́n ní Kọmíṣọ́nà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá. Wọ́n yẹ ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kíní nítorí pé télọ̀ kò tíì parí léèsì Alága. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé ọ̀gá mìíràn fẹ́ ṣí gọ́tà lọ́jọ́ náà, Alága ò sì fẹ́ kí gọ́tà gba fọ́tò mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló burú jù. Alága ní kí wọ́n tẹ àwòrán òun sára ìbọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí òṣìṣẹ́ má baà gbàgbé ẹni tó ń dáàbò bò ó. Àwọn atẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tí Alága wọ ọ̀kan wò tó sì di ọwọ́, ojú rẹ̀ rún wómúwómú, ètè rẹ̀ sì lọ há sábẹ́ àtàǹpàkò. Ó ní ìwà ọ̀tẹ̀ ni. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà lọ, wọ́n fi bẹntiróòlù pa ojú náà rẹ́, wọ́n sì tẹ òmíràn sí ẹ̀yìn ọwọ́. Dámiláre fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè bóyá kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára bàtà náà. Alága wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ìyẹn náà wọ Apá Kẹrin.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń yẹ ọjọ́ yìí, bí àwọn páálí kò bá sí lọ́dọ̀ atẹ̀wé, wọ́n wà nínú sítọ́ọ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò Alága.

Àsìkò yẹn ni àfọ́kù ìgò gé Àlímọ̀t lọ́wọ́. Ìyá Haleem ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, opó ni, ó sì ju Taslimah lọ lọ́jọ́ orí. Láàárọ̀, á kó ilẹ̀. Lọ́sàn-án, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, á máa dirun fún èèyàn. Irun tó ń dì tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyàwó tuntun fi ń ti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta wá bá a. Àpò tó wà ní kọ̀rọ̀ ló ki ọwọ́ bọ̀, kò sí ẹni tó lè bi, ìgò sì ya ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ dé eegun. Ó fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, ó fi àkísà dì í, ó sì padà síbi iṣẹ́. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ìka náà ti wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Taslimah mú un lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kí Alága, wọ́n ka orúkọ rẹ̀ tán láìfò ọ̀kan.

“Alága, ẹ má bínú sí wa,” Taslimah wí. “Nǹkan méjì péré la wá tọrọ. Ẹ jẹ́ ká máa lo ìbọ̀wọ́ tó wà nínú sítọ́ọ̀, kẹ́ ẹ sì bá wa fọwọ́ síwèé abẹ́rẹ́. Ọwọ́ Ìyá Haleem ti ń kẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí náà ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ.”

Àlímọ̀t tú àkísà náà, ó na ọwọ́. Alága gbójú sókè lọ́gán, ó ń wo fáànù tó ń yí lára àjà, kò sì gbé ojú sọ̀ kalẹ̀ mọ́ títí tí wọ́n fi lọ. Fáànù ló bá sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọgbẹ́ ọwọ́,” ó ní. “Ẹ̀yin ò mọ ọgbẹ́ tó wà lọ́kàn olórí. Nígbà tí ẹ bá sùn, èmi ò sùn, mò ń ro àwọ̀ tí a ó lò fún kánópì. Ẹ gbọ́, abẹ́rẹ́ kì í gún ọwọ́ tó ní ìtẹríba. Ìgò kì í gé ẹni tó bá ń gbàdúrà fún olórí rẹ̀. Ẹ lọ yẹ ara yín wò.”

Dámiláre ń kọ ọ́. Àwọn obìnrin méjì náà wo ara wọn.

Alága wá béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an tí ìgò fi ń rí wọn gé. Taslimah, tó rò pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yanjú, ṣàlàyé ìbéèrè wọn fún un. Ó sọ fún un pé kí wọ́n tó gbé àpò, wọ́n máa ń bi onílé bóyá ó léyín.

Inú bí Alága. Ó ní ṣé wọ́n ń lọ káàkiri Èkó láràárọ̀ ni, wọ́n ń kéde pé ìlú léyín? Ó ní bí àlejò bá gbọ́ ńkọ́? Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ ọ láàfin ọba ní Ìgá Ìdúngánran, ojú wo lòun fẹ́ fi kọjá níbẹ̀? Kí wọ́n tó délé, ó ti ṣòfin, kó sì tó di ọjọ́ kejì, ó ti wà lára gbogbo ògiri: ohunkóhun tó bá wà lẹ́bàá ọ̀nà kí aago méje àárọ̀ tó lù, ìdọ̀tí ni, ẹ má bèèrè, ẹ má tú u, ẹ gbé e. Ẹni tó bá bèèrè, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Lábẹ́ òfin náà ni àwòrán Alága wà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn èèyàn rò pé àwàdà ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n lé ọkùnrin méjì dànù nítorí pé wọ́n bèèrè. Ọ̀kan nínú wọn ti dàgbà, ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ọn lára ni. Láti ọjọ́ náà, Ìdúmàgbò dákẹ́ láràárọ̀, wọ́n sì ń gbé àpò bí ẹni tó ń ki ọwọ́ bọ ihò ejò.

Ní ti Àlímọ̀t, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tó kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì yẹn ni dókítà gé ìka náà kúrò, kó má baà kó bá ọwọ́ tó kù. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín lẹ bá wá síbí, n óò sì padà síbi ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹ gbìyànjú kí ẹ dirun láìlo ìka ìlábẹ̀, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ keje tí àwọn páálí ti dé, ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ kò tún yẹ̀ mọ́. Alága ti pinnu pé òun á fi ọwọ́ ara òun kó ìdọ̀tí níṣojú Kọmíṣọ́nà àti àwọn oníròyìn. Ẹ má bẹ̀rù, mo ti sọ pé kì í wo ìdọ̀tí. Ó ní kí Dámiláre ṣètò èyí tó ṣeé wò. Odindi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi fọ ìgò ike pẹ̀lú ọṣẹ, tí wọ́n nu páálí, tí wọ́n sá èèpo ọsàn sóòrùn kí wọ́n tó fín lọ́fínńdà sí i. Wọ́n kó o sínú àpò funfun mẹ́wàá. Ìdọ̀tí náà ń ta sánsán débi pé Alága ní kí wọ́n fi àpò kan sílẹ̀ fún ọ́fíìsì òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n kó gbogbo ẹrù ayẹyẹ lọ sí Ìdúmàgbò, wọ́n tò ó sẹ́bàá ọ̀nà lábẹ́ kánópì: àpò funfun mẹ́sàn-án, àwọn páálí ìbọ̀wọ́ àti bàtà, kápẹ́ẹ̀tì pupa tí wọ́n ká, àti àga Alága tí wọ́n fi ọ̀rá wé kó má baà bu eruku. Dámiláre lọ sílé lọ wẹ̀. Ọkùnrin tó ní kó ṣọ́ ọ lọ kírun Sùbúù, ó sì gba ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kọ padà.

Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ akólẹ̀ dé, Wàsíù ló ń wà á. Taslimah àti àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wo ẹrù, ẹrù ń wò wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Taslimah sì gbé ọwọ́ sókè.

“Aago mélòó ló lù?” ó béèrè.

Wàsíù ní méje kò tíì lù.

“Kí ni òfin wí?”

Wọ́n jọ kà á pé kí wọ́n má bèèrè, kí wọ́n má tú u, kí wọ́n gbé e.

“Ó dáa. Ẹ gbé e.”

Wọ́n gbé e. Wọ́n kó àpò funfun, wọ́n kó páálí, wọ́n ti kápẹ́ẹ̀tì wọ inú ọkọ̀, wọ́n sì gbé àga lé orí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin náà á fẹ́ mọ̀ bóyá Taslimah mọ ohun tó ń ṣe. Èmi ò bi í o. Òfin ní ká má bèèrè.

Aago mẹ́sàn-án ni Kọmíṣọ́nà dé. Obìnrin tí kì í pẹ́ dé ibi tí wọ́n bá pè é ni, ìyẹn nìkan sì tó láti da ètò Alága rú. Ó bá kánópì tó ṣófo. Ó bá Nọ́ọ̀sì Modúpẹ́ tó jókòó ti kúlà abẹ́rẹ́ àti fọ́ọ̀mù, tí wọ́n ní kó kó wá kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn ọ̀ọ́dúnrún akólẹ̀ tí wọ́n pè wá pàtẹ́wọ́ dúró sínú oòrùn. Kọmíṣọ́nà jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníṣọ́ọ̀bù kan, ó ń dúró.

Alága dé ní aago mẹ́wàá, ó wọ léèsì funfun, èèyàn mẹ́rin ló ń bá a gbé etí agbádá. Ó wọ̀tún wòsì, kò rí kápẹ́ẹ̀tì, kò rí àga, kò rí páálí, kò sì rí ìdọ̀tí rẹ̀. Ó bi Dámiláre léèrè pé ta ló kó o. Dámiláre ní òfin ni.

Àwọn kámẹ́rà ti ń tan iná. Alága sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ létí Dámiláre pé kó wá ìdọ̀tí níbikíbi tó bá ti lè rí i. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù Ìdúmàgbò kò rí i rí látọjọ́ tí wọ́n ti dáyé pé òṣìṣẹ́ ìjọba sáré wọlé tọ̀ wọ́n wá, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀. Tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi kó o fún un. Ọ̀kan fún un ní èyí tó ti wà nílẹ̀ láti Jímọ̀ tó kọjá. Àpò dúdú tó tóbi jù, ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù oògùn kan ló ti rí i, kò sì bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Alága gba máìkì. Kò sí ìbọ̀wọ́ tó fẹ́ fi lọ́lẹ̀ mọ́, ó wá sọ àìní di ẹ̀kọ́.

“Àwọn kan máa ń kígbe ìbọ̀wọ́, ìbọ̀wọ́,” ohùn rẹ̀ ń dún láti orí gbohùngbohùn dé gbogbo kọ̀rọ̀ Ìdúmàgbò. “Èmi wí fún yín lónìí pé ìfẹ́ ìlú ni ìbọ̀wọ́ tòótọ́. Ọwọ́ tó bá mọ́ láti inú wá, kí ni ìdọ̀tí lè fi ṣe? Ẹ wò mí.”

Ó fa apá agbádá sókè, ó di ojú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí àpò dúdú náà. Taslimah, tó ti rí ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti gbé e wá, jáde láàárín èrò.

“Alága, ẹ dúró,” ó wí. “Ẹrù yẹn léyín.”

Alága ò la ojú. “Mo ti fòfin de ọ̀rọ̀ yẹn, obìnrin yìí,” ó ní sínú máìkì, ó sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún un lọ́jọ́ náà jẹ́ ojú ìwé ogójì. Kò ka èyíkéyìí nínú rẹ̀. Yéè ni gbogbo Ìdúmàgbò gbọ́. Nígbà tó fa ọwọ́ jáde, abẹ́rẹ́ oníṣègùn kan fi ìka rẹ̀ kọ́, ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́.

Àwọn mẹ́rin tó ń gbé etí agbádá ti sá. Taslimah ló mú un lápá, tó yọ abẹ́rẹ́ náà, tó sì fà á lọ sọ́dọ̀ olómi. Ó já omi inú ọ̀rá, ó ń dà á sí ọwọ́ náà bó ṣe ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó já òmíràn, ó tún já òmíràn. Alága fẹ́ fi ìka sẹ́nu, Taslimah gbá a lọ́wọ́. Ó ní wọn kì í fa irú ẹ̀ mu, kó máa fọ̀ ọ́ lọ. Gbogbo ìgbà yìí, Alága di máìkì mú lọ́wọ́ kejì bí ẹni tó di igi mú nínú omi, ohun tó ń sọ sì ń dún káàkiri.

Ó sunkún dé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Modúpẹ́, ó ní kó tètè gún òun lábẹ́rẹ́ àjẹsára.

“Wọn ò tíì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, sà,” Modúpẹ́ dáhùn.

“Ta ni kò fọwọ́ sí i? Kí lorúkọ òṣìkà náà?”

“Ẹ̀yin ni, sà. Ọ̀sẹ̀ keje rèé.”

Ó já bíírò gbà, ó fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kán sí i lára. Modúpẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kò kánjú. Ó ní ó ku ẹyọ kan: àwọn òṣìṣẹ́ ìdọ̀tí nìkan ni abẹ́rẹ́ náà wà fún, òun sì gbọ́dọ̀ kọ iṣẹ́ ẹni tí òun bá gún. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í ka Olóyè Alhaji Dókítà. Modúpẹ́ ní kò sí àyè tó gba gbogbo ìyẹn.

“Ẹ kọ Alága nígbà náà.”

“Ti alága kọ́, sà. Ti akólẹ̀ ni.”

Alága wo ìka rẹ̀. Ó wo kúlà. Ó wo Kọmíṣọ́nà tó ti dìde lórí bẹ́ǹṣì.

“Akólẹ̀ ni mí,” ó wí.

Máìkì ò tíì kú. Ọ̀rọ̀ náà jáde láti inú gbohùngbohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó lu ògiri, ó padà. Àwọn akólẹ̀ tí wọ́n pè wá pàtẹ́wọ́ rántí pé àtẹ́wọ́ ni wọ́n pè wọ́n wá pa, wọ́n sì pa á dáadáa.

Nígbà tí Modúpẹ́ ń gún un, tí Alága ti di ojú pinpin, Kọmíṣọ́nà yíjú sí àwọn èèyàn náà. Ó ní kí ẹni tí nǹkan bá ti gún tàbí gé láti ìgbà tí àwọn ìbọ̀wọ́ ti dé nawọ́ sókè. Ọwọ́ pọ̀. Ti Àlímọ̀t wà láàárín wọn, ìka mẹ́rin. Kọmíṣọ́nà béèrè ibi tí àwọn ìbọ̀wọ́ ọ̀hún wà.

Wàsíù ní wọ́n wà nínú ọkọ̀ òun, pé òun fi í sílẹ̀ fún ọmọọṣẹ́ òun lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń da ilẹ̀ nù. Kọmíṣọ́nà ní kí wọ́n dá ọkọ̀ náà padà, kí wọ́n sì pín in níbi tí wọ́n dúró sí, láìsí ọ̀rọ̀ ìkíni. Wọ́n já páálí, Modúpẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn yòókù lábẹ́rẹ́. Ẹgbẹ̀ta ọwọ́ wọ ìbọ̀wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú Alága wà lẹ́yìn ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi kó àpò dúdú tó gún un. Kí oṣù tó parí, omi gọ́tà ti bó imú àwòrán náà, ẹ̀rín nìkan ló kù.

Lẹ́tà ìyọnípò dé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹni tó kọ ọ́ pè é ní Ọ̀gbẹ́ni M. Ajíṣafẹ́, kò sì sí ẹni tó ní kó bẹ̀rẹ̀ látòkè. Wọ́n pe àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n lé padà síṣẹ́. Taslimah ni wọ́n fi ṣe olórí ààbò fún gbogbo òṣìṣẹ́, ìbéèrè rẹ̀ sì padà sẹ́nu wọn láràárọ̀ láti Ìta Fájì dé Ìdúmàgbò. Dámiláre wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun fún ọ̀gá tuntun, Apá Kìíní, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìwé náà ò sì tètè kún.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára yẹn, ẹ̀ẹ̀kejì sì máa ń jẹ́ lẹ́yìn oṣù kan. Ọ̀gbẹ́ni Ajíṣafẹ́ wá sí ibùdó ìlera pẹ̀lú bùbá lásán, ó gba nọ́ńbà bíi gbogbo èèyàn, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó gùn. Kò sẹ́ni tó dìde fún un. Obìnrin kan jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí itan. Kò sí dírẹ́bà tó lè bi pé ṣé wọ́n ti kọjá, kò sí fáànù lókè tó lè máa wò. Ó rí ọwọ́ náà.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá,” ó wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ẹ jẹ́ ká má parọ́ mọ́ ọn, àánú ṣe é lóòótọ́. “Ìgbà wo lèyí ṣẹlẹ̀ sí yín?”

Àlímọ̀t ti mọ̀ ọ́n látìgbà tó ti wọlé.

“Ọjọ́ kẹta tí àwọn ìbọ̀wọ́ dé sítọ́ọ̀ yín ni,” ó ní.

Ọkùnrin náà gbójú sókè, àjà lásán ló rí. Àwọn méjì mìíràn ti wọlé, aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn wọn, wọ́n sì ń wá ibi tí wọ́n máa jókòó sí. Àlímọ̀t wo ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì náà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀,” ó wí fún un. “Iṣẹ́ làwọn wọ̀nyí ti ń bọ̀.”

Ọkùnrin náà sún.